Bí A bá jẹ́ prime, ṣé dandan ni kí M(A) náà jẹ́ prime?

Ọmọ_Òǹkà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́. Ìbéèrè mi dá lórí áljébrà tí kò pa òfin àkámọ́ mọ́, ìyẹn èyí tí (ab)c àti a(bc) lè yàtọ̀ síra.

Kí ohùn wa lè ṣọ̀kan: A jẹ́ áljébrà lórí field F. L_a ni fífi a lọ́po láti òsì, L_a(x) = ax; R_a ni ti ọ̀tún, R_a(x) = xa. M(A), tí mo máa pè ní áljébrà ìsọdipúpọ̀ A, ni gbogbo ohun tí a lè kọ́ láti ara Id, àwọn L_a àti àwọn R_a, nípa ríro wọ́n pọ̀, fífi nọ́ńbà inú F lọ́po wọn, àti títò wọ́n tẹ̀léra. M(A) fúnra rẹ̀ máa ń pa òfin àkámọ́ mọ́, A ì báà má pa á mọ́. Ideal ni subspace I tí ai àti ia máa ń wà nínú I fún gbogbo a inú A àti i inú I. A jẹ́ prime bí kò bá sí ideal méjì, I àti J, tí kì í ṣe òdo, síbẹ̀ tí IJ = 0.

Àkọsílẹ̀ kan sọ, láìfi ẹ̀rí kankan tì í, pé bí A bá jẹ́ prime, M(A) náà á jẹ́ prime. Ibi tí mo bá a dé nìyí. Ká ní T àti S wà nínú M(A), T M(A) S = 0 (ìyẹn TXS = 0 fún gbogbo X inú M(A)), tí S kì í ṣe òdo. Mú x tí S(x) kì í ṣe òdo. M(A)S(x) jẹ́ ideal I tí kì í ṣe òdo, T sì sọ gbogbo I di òdo. Ó ku kí n fi hàn pé T = 0. Mo mú èyí tó rọrùn jù, T = L_a, ìyẹn aI = 0. Mo fẹ́ sọ pé gbogbo ideal tí a bí láti ara a ló ń sọ I di òdo, kí ìtumọ̀ prime lè parí iṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo há sí. Ṣé èmi ni mi ò rí ọ̀nà, àbí ọ̀nà ò sí?

Baba_Mátíríìsì

Ọ̀nà ò sí. Ẹni tó kọ àkọsílẹ̀ yẹn gbé òfin ilé kan lọ sílé onílé ni. Ẹ wo áljébrà yìí, dimension 2 péré, basis rẹ̀ ni u àti v:

u·u = u
u·v = v·u = 0
v·v = u

F yòówù kó jẹ́, ó ṣiṣẹ́, characteristic 2 (níbi tí 1 + 1 = 0) pàápàá.

Ẹ jẹ́ ká ka àwọn ideal rẹ̀. Fu jẹ́ ọ̀kan, nítorí ohunkóhun tí ẹ bá fi lọ́po u, inú Fu náà ló máa já sí. Ṣé ideal dimension 1 mìíràn wà? Ká ní αu + βv ló bí i, tí β kì í ṣe òdo. Ẹ fi u lọ́po rẹ̀, αu ló jáde. αu gbọ́dọ̀ wà nínú ideal yẹn, kò sì lè wà níbẹ̀ àfi tí α bá jẹ́ òdo. Ó wá ku Fv nìkan, ṣùgbọ́n v·v = u, u kò sì sí nínú Fv. Nítorí náà 0, Fu àti A, wọ́n tán. Gbogbo ideal tí kì í ṣe òdo ló ní Fu nínú, (Fu)(Fu) sì jẹ́ Fu. Torí náà A jẹ́ prime.

Ó di M(A). L_u gbà u sí u, ó sọ v di òdo. L_v sọ u di òdo, ó sọ v di u. Ní mátíríìsì, pẹ̀lú u ní ipò kìíní, L_u ni E11, L_v ni E12 (E_ij ni mátíríìsì tí 1 wà ní ìlà i, òpó j, tí òdo wà níbi yòókù). Ẹ fi Id kún un: M(A) ni gbogbo mátíríìsì 2×2 tí òdo wà ní igun ìsàlẹ̀ òsì wọn, dimension 3. E12 T E12 = 0 fún gbogbo T inú rẹ̀. M(A) kì í ṣe prime, semiprime (kò sí ideal tí kì í ṣe òdo tí ìlọ́po rẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ jẹ́ òdo) pàápàá kò tó o.

Ẹ wá wo ibi tí ẹ há sí gan-an. Ẹ fi v sí ipò a, Fu sí ipò I. vI = 0 lóòótọ́. Nínú áljébrà tó pa òfin àkámọ́ mọ́, (ra)i = r(ai) = 0, nítorí náà ra náà ń sọ I di òdo. Níbí, v(vu) = 0, ṣùgbọ́n (vv)u = uu = u. v sọ u di òdo, v·v kò sọ ọ́ di òdo. Àwọn tó ń sọ I di òdo kò para pọ̀ di ideal, nítorí náà ìtumọ̀ prime kò rí ohun tó máa dì mú.

Ẹlẹ́rìí

Àpẹẹrẹ yẹn dára, àmọ́ ó dà bí ohun tí a fọwọ́ rọ. Kò ní ẹyọ 1. Mo gbà pé tí ẹ bá fi 1 kún un, ó máa fọ́. Àti pé nínú áljébrà Lie (níbi tí a ń kọ ìlọ́po bíi [a,b], tí [a,a] = 0), òfin Jacobi máa ń jẹ́ kí àwọn tó ń sọ ideal di òdo di ideal: [[r,a],i] = [r,[a,i]] − [a,[r,i]] = 0. Lie kò ní ìṣòro yìí.

Baba_Mátíríìsì

Ti 1 kọ́kọ́. Ẹ fi 1 kún A, ó di dimension 3. Ká ní J jẹ́ ideal tí kò ní u nínú, tí x = α1 + βu + γv sì wà nínú J. ux = (α+β)u, nítorí náà α + β = 0, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ u á wọlé. Ẹ fi v lọ́po x: αv + γu. Ẹ tún fi u lọ́po èyí: γu, nítorí náà γ = 0. Ó ku αv nínú J; v·(αv) = αu, α náà di òdo. Gbogbo x di òdo. Nítorí náà gbogbo ideal tí kì í ṣe òdo ló ṣì ní u nínú, áljébrà náà sì ṣì jẹ́ prime.

Pẹ̀lú u, v, 1 ní ipò 1, 2, 3: L_u = E11 + E13, L_v = E12 + E23. L_u L_v = E12, L_v L_v = E13. Láti ara àwọn wọ̀nyí, E11 àti E23 náà yọ. Basis M(A) ni Id, E11, E12, E13, E23: dimension 5, radical rẹ̀ (ideal tó tóbi jù lára àwọn tó jẹ́ nilpotent, ìyẹn àwọn tó di òdo tí a bá fi wọ́n lọ́po ara wọn tó iye kan) dimension 3. Kàkà kí ewé àgbọn rẹ̀ dẹ̀, líle ló tún ń le sí i.

Àlàyé_Kíkún

Ẹ jẹ́ n gba ti Lie. Ẹlẹ́rìí tọ̀nà lórí T = L_a. Ṣùgbọ́n inú M(A), T lè jẹ́ àròpọ̀ ọ̀pọ̀ L tí a tò tẹ̀léra, Jacobi kò sì sọ ohunkóhun nípa irú ìyẹn.

Ohun kan wà tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀ kí a tó máa wá àpẹẹrẹ kiri: bí dimension A bá lópin, tí A àti M(A) jẹ́ prime pọ̀, A jẹ́ simple (kò ní ideal kankan yàtọ̀ sí òdo àti A fúnra rẹ̀, ìlọ́po inú rẹ̀ kì í sì í ṣe òdo pátá). Ẹ̀rí rẹ̀ kò gùn. M(A) pa òfin àkámọ́ mọ́, dimension rẹ̀ lópin, ó jẹ́ prime. Radical rẹ̀ jẹ́ nilpotent, nítorí náà òdo ni. Theorem Wedderburn á pín in sí àwọn simple, prime kò sì gbà ju ẹyọ kan lọ. M(A) wá jẹ́ simple. A tí M(A) ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ á pín sí àwọn ideal kéékèèké tí kò ṣeé pín mọ́, ìlọ́po ideal méjì tó yàtọ̀ nínú wọn jẹ́ òdo, nítorí náà ọ̀kan péré ló wà. A jẹ́ simple nìyẹn. Òdì kejì rẹ̀ rọrùn, dimension ì báà lópin tàbí kó má lópin: bí A bá jẹ́ simple, àwọn subspace A tí M(A) ń dá padà sínú ara wọn ni ideal, òdo àti A nìkan ló sì wà, nítorí náà M(A) jẹ́ prime.

Torí náà áljébrà yòówù tí dimension rẹ̀ lópin, tó jẹ́ prime, tí kì í ṣe simple, àpẹẹrẹ tó tako àkọsílẹ̀ yẹn ni.

Ní Lie, ẹ lọ sí characteristic 3. Ẹ mú gl_3, gbogbo mátíríìsì 3×3, dimension 9. Ẹ ka Id sí òdo, L tó kù jẹ́ dimension 8. Trace Id (àròpọ̀ nọ́ńbà orí ìlà-ìdábùú rẹ̀) jẹ́ 3, ìyẹn òdo, nítorí náà Id wà nínú sl_3, àwọn mátíríìsì tí trace wọn jẹ́ òdo; nígbà tí a bá yọ ọ́, I = psl_3 ló kù, dimension 7, ó sì jẹ́ simple. I jẹ́ ideal nínú L, nítorí náà L kì í ṣe simple.

Ṣé L jẹ́ prime? Ká ní m jẹ́ mátíríìsì tí [m, e_ij] jẹ́ cId fún gbogbo i àti j tó yàtọ̀ síra. Ẹ wo [m, e_12] = m e_12 − e_12 m. Apá kìíní kò kọjá òpó 2, apá kejì kò kọjá ìlà 1. Ipò (3,3) ṣófo, nítorí náà c = 0 níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn e_ij yòókù. m e_ij = e_ij m wá di òótọ́ fún gbogbo wọn, m jẹ́ scalar, òdo ni nínú L. Èyí túmọ̀ sí pé ideal J yòówù tí kì í ṣe òdo, [J,I] kì í ṣe òdo, ó sì wà nínú J àti nínú I. I jẹ́ simple, nítorí náà gbogbo I wà nínú J. [I,I] = I. Prime ni L, M(L) kì í ṣe prime.

Ní characteristic 0, pẹ̀lú dimension tó lópin, Lie tó jẹ́ prime á jẹ́ simple, nítorí náà Ẹlẹ́rìí kì bá tí rí ìṣòro kankan níbẹ̀.

Ọmọ_Òǹkà

Ó yé mi. Òdì kejì ńkọ́? Bí M(A) bá jẹ́ prime, ṣé A á jẹ́ prime?

Ẹlẹ́rìí

Ìyẹn hàn kedere, ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Àlàyé_Kíkún

Kò hàn kedere o. Ẹ mú A tí gbogbo ìlọ́po inú rẹ̀ jẹ́ òdo: M(A) jẹ́ F·Id, prime ni, A kì í ṣe prime. Ẹlẹ́rìí lè ní ìyẹn kì í ṣe áljébrà gidi. Ó dáa. Ẹ mú B, àwọn mátíríìsì tí ìlà àti òpó wọn kò lópin ṣùgbọ́n tí nọ́ńbà tí kì í ṣe òdo nínú wọn lópin. Ẹ fi F tí ìlọ́po inú rẹ̀ jẹ́ òdo sí ẹ̀gbẹ́ B: A = B ⊕ F. Ohun tí a kọ́ láti ara L àti R nìkan kò lè di Id lórí B, nítorí mátíríìsì tó lópin kò débi e_nn tí n bá tóbi tó. Nítorí náà M(A) àti M(B) rí bákan náà gẹ́lẹ́, M(B) sì jẹ́ prime. A kì í ṣe prime, F tí a so mọ́ ọn ń sọ gbogbo nǹkan di òdo.

Ohun tó ń dáàbò bò wá ni Ann(A) = 0, ìyẹn ni pé kò sí x yàtọ̀ sí òdo tí xA = Ax = 0. Pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀rí náà lọ báyìí. Fún ideal I, àwọn T tí T(I) = 0 jẹ́ ideal nínú M(A); àwọn S tí S(A) wà nínú I náà jẹ́ ideal, TS sì jẹ́ òdo. Bí I kì í bá ṣe òdo, ẹgbẹ́ kejì ní L_i àti R_i nínú, Ann sì jẹ́ kó dájú pé kì í ṣe gbogbo wọn ló jẹ́ òdo. Nítorí náà ẹgbẹ́ kìíní ló gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo: kò sí T tó ń sọ ideal di òdo, àfi T = 0. Ká wá ní IJ = 0, tí méjèèjì kì í ṣe òdo. L_i ń sọ J di òdo, nítorí náà L_i = 0; R_j ń sọ I di òdo, R_j = 0. Ohun tó wà nínú I àti J pọ̀ ti wọ Ann nìyẹn, òdo ni. JI wà nínú rẹ̀, òun náà di òdo. Nígbà náà L_j = 0, j wọ Ann, J di òdo. Ìtakora.

Inú ẹ̀rí yìí náà ni ẹ ti rí òṣùwọ̀n tó wúlò jù. Bí Ann(A) bá jẹ́ òdo, M(A) jẹ́ prime bí kò bá sí T yàtọ̀ sí òdo tó ń sọ ideal tí kì í ṣe òdo di òdo, òdì kejì rẹ̀ náà sì rí bẹ́ẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ Baba_Mátíríìsì, L_v àti Fu ló ba òṣùwọ̀n yìí jẹ́.

Ọmọ_Òǹkà

Kí ló wá gba áljébrà tó pa òfin àkámọ́ mọ́ là nígbà tí T kì í ṣe L_a nìkan?

Baba_Mátíríìsì

Lemma Martindale, láti 1969. Níbẹ̀, T máa ń jẹ́ àròpọ̀ a_k x b_k. Bí àròpọ̀ yìí bá jẹ́ òdo fún gbogbo x inú ideal kan tí kì í ṣe òdo, tí àwọn b_k kò sì gbára lé ara wọn lórí extended centroid (field kan tó ní F nínú, tí a ń kọ́ láti ara A), gbogbo a_k jẹ́ òdo. Ẹ ṣọ́ra: lórí extended centroid ni o, kì í ṣe lórí F. Ẹ mú àwọn nọ́ńbà complex gẹ́gẹ́ bí áljébrà lórí àwọn nọ́ńbà real: 1 àti i kò gbára lé ara wọn lórí real, síbẹ̀ i·x·1 − 1·x·i = 0 fún gbogbo x. Ibẹ̀ ni ẹ̀rí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jò.

Olùdánwò

Fún ẹni tó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà dán an wò, GAP (ètò kọ̀ǹpútà fún áljébrà) tó. Àpẹẹrẹ dimension 2 nìyí:

T := EmptySCTable(2, 0, "symmetric");
SetEntrySCTable(T, 1, 1, [1,1]);
SetEntrySCTable(T, 2, 2, [1,1]);
A := AlgebraByStructureConstants(Rationals, T);
B := Basis(A); b := BasisVectors(B);
L := List(b, a -> List(b, x -> Coefficients(B, a*x)));
R := List(b, a -> List(b, x -> Coefficients(B, x*a)));
M := AlgebraWithOne(Rationals, Concatenation(L, R));
Dimension(M); Dimension(RadicalOfAlgebra(M));

Ìdáhùn: 3 àti 1.

Àwọn ibi tó ti ń bàjẹ́: tí ẹ bá gbàgbé R nínú áljébrà tí ab àti ba yàtọ̀. Fún quaternion, L nìkan máa fún yín ní dimension 4 dípò 16. Tí ẹ bá lo Algebra dípò AlgebraWithOne, àpẹẹrẹ òkè yìí á fún yín ní 2 dípò 3, nítorí Id kò yọ láti ara E11 àti E12. GAP máa ń ka fẹ́kítọ̀ sí ìlà, ìyẹn kò ba ohunkóhun jẹ́ tí L àti R bá jọ tẹ̀lé ìlànà kan náà: òdì M(A) (èyí tí a yí ètò ìlọ́po rẹ̀ padà) lẹ máa rí, dimension àti prime rẹ̀ kò yí. Tí ẹ bá yí ọ̀kan tí ẹ kò yí èkejì, ẹ ti ń ṣírò áljébrà mìíràn nìyẹn. Ní GF(3), òdo tí ẹ fún EmptySCTable gbọ́dọ̀ jẹ́ 0*Z(3), ẹ sì kọ Z(3)^0 dípò 1.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ fúnra yín: ẹ tẹ́ mátíríìsì kọ̀ọ̀kan sí fẹ́kítọ̀ gígùn n², ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Id, ẹ máa fi àwọn L àti R lọ́po ohun tó wà nílẹ̀ láti òsì, ẹ dín in kù ní ìlà, ẹ dá àwọn tuntun nìkan sí, títí tí kò fi ní sí tuntun mọ́. Octonion (áljébrà dimension 8 kan tí kò pa òfin àkámọ́ mọ́): n = 8, L àti R ti ẹyọ 7 tí kì í ṣe 1 jẹ́ 14, ìlọ́po kò ju 64 × 14 = 896 lọ, ẹ ó sì dé 64. Áljébrà Albert, n = 27, ab = ba nítorí náà L nìkan tó: 729 × 27 = 19,683. Ẹ má lo nọ́ńbà onídẹ́símà, dimension á máa gun òkè láìnídìí.

Ẹni tó bá fẹ́ yára lè ṣírò modulo p. Dimension lè dín kù níbẹ̀, kò lè pọ̀ sí i, nítorí náà tí ẹ bá rí n² modulo p, n² náà ni lórí Rationals. Tí ẹ bá rí èyí tó kéré, ẹ má tíì gbà á gbọ́. sl_2 pẹ̀lú [h,e] = 2e, [h,f] = −2f, [e,f] = h máa ń fúnni ní 9; modulo 2, L_h di òdo, Id, L_e àti L_f nìkan ló kù, 3.

Ọmọ_Òǹkà

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìbéèrè kan ló kù. Lẹ́yìn tí mo bá rí radical, ṣé mo tún gbọ́dọ̀ wá gbogbo ideal M(A)?

Àlàyé_Kíkún

Rárá, bí ẹ bá ti mọ̀ pé A jẹ́ prime. Bí A bá jẹ́ prime, tí M(A) jẹ́ semiprime, M(A) ti jẹ́ prime nìyẹn, dimension ì báà má lópin.

Ká ní T kì í ṣe òdo, T(I) = 0, I kì í ṣe òdo. P ni ideal tí T bí nínú M(A); P(I) = 0, P(A) = J sì jẹ́ ideal tí kì í ṣe òdo. K ni ohun tó wà nínú I àti J pọ̀; JI wà nínú rẹ̀, nítorí náà K kì í ṣe òdo. Q ni àwọn S tí S(A) wà nínú K. PQ = 0, nítorí P ń sọ K di òdo. Nígbà náà (QP)(QP) = Q(PQ)P = 0, semiprime sì sọ pé QP = 0. Ṣùgbọ́n QP(A) = Q(J), L_k sì wà nínú Q fún k inú K. KJ = 0, K àti J kì í sì í ṣe òdo. A kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù fún áljébrà Jordan (níbi tí ab = ba, tí (a²b)a = a²(ba)). Cabrera àti Villena ti fi hàn pé áljébrà Jordan tó jẹ́ nondegenerate (kò sí a yàtọ̀ sí òdo tí 2a(ax) = a²x fún gbogbo x) máa ń ní M(A) tó jẹ́ semiprime. Tí ẹ bá fi prime kún un, ohun tó wà lókè yìí á gbé yín dé M(A) tó jẹ́ prime. Kí ẹ má sì fo nondegenerate: Pchelintsev ti kọ́ áljébrà Jordan tó jẹ́ prime tí kì í ṣe nondegenerate, ẹ̀rí yẹn kò sì kan irú wọn.

Olùdánwò

Mo fi 1 kún àpẹẹrẹ dimension 2 nínú GAP: 5 àti 3, bí Baba_Mátíríìsì ṣe wí. Ẹ rántí láti fi SetEntrySCTable kọ ìlọ́po 1 pẹ̀lú u àti v, àti 1·1, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ GAP á ka 1 yẹn sí ohun tó wà nínú Ann.